Ó Pe Ọ̀dà Ní Ìṣó

Ẹ má wulẹ̀ káàánú ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Nígbà tí àánú wà níkàáwọ́ rẹ̀, kò fi ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, nítorí irú rẹ̀ pọ̀ láàárín wa. Àfàìmọ̀ kí ọ̀kan má jókòó tì yín níbi tí ẹ ti ń kà á.

Sàláúdéènì ni orúkọ rẹ̀. Akunlé ni, ọmọ agboolé kan ní Bẹyẹrunkà, n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọ̀dà kíkùn, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé ni kó yínmú sí èèyàn. Ó yínmú sí bíríkìlà, ó yínmú sí káfíńtà. Àwọn akunlé ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣiṣẹ́, ó ní agbálẹ̀ ni wọ́n, wọn ò kàn tíì mọ̀ ni. Bí ẹnìkan bá fi aṣọ bo imú nítorí òórùn ọ̀dà, Sàlá á ní, "Ẹ bá mi kí ìyàwó tuntun."

Ẹnìkan ṣoṣo ló lè fara da ẹnu yẹn. Akínwùmí ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà kan ní Bẹẹrẹ, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í yára fèsì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, wọ́n gba òmìnira pọ̀, wọ́n sì jọ ń gba iṣẹ́. Bí Sàlá bá ti bú èèyàn tán, Akínwùmí ló máa ń lọ bẹ onítọ̀hún.

Nígbà tó yá, wọ́n pawọ́ pọ̀ ra ẹ̀rọ kan ní Ògùnpa, tòkunbọ̀, tí ń fín ọ̀dà sára ògiri. Agbára ẹ̀rọ yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Ó máa ti ọ̀dà gba inú rọ́bà gígùn kan, á tì í jáde lẹ́nu ohun kan tí wọ́n ń dì mú bí ìbọn, láti inú ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ilé tí búrọ́ọ̀ṣì ń fi ọ̀sẹ̀ kan kùn, ẹ̀rọ náà á kùn ún kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkùnrin tó tà á fún wọn kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó fi ike pupa kan hàn wọ́n lẹ́nu ìbọn náà, tí kì í jẹ́ kí ìka èèyàn dé ibi ihò. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ èyí láéláé. Bí ọ̀dà inú ẹ̀rọ yìí bá wọ ara èèyàn, ojú ibẹ̀ kì í tóbi, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dunni lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín. Ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ. Kí ẹ sì gbé agolo ọ̀dà náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó wọlé."

Sàlá pòṣé. "Ṣé o fẹ́ tà á ni, àbí o fẹ́ wàásù?"

Kò pẹ́ tó fi yọ ike pupa náà sọnù. Ó ní ọ̀dà ń dì sí i, ó ń kán sílẹ̀, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Nígbà tí ohun tí wọ́n fi ń de ìfà ìbọn náà kí ó má baà ta fúnra rẹ̀ kán, kò tún un ṣe.

Akínwùmí wò ó títí. Ó ní, "Sàlá, ìhòòhò ni ìbọn yìí wà báyìí o."

"Ìbọn tó wà níhòòhò ló ń pa ẹran. Ṣé ẹran ni ọ́?"

Akínwùmí rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì tẹ̀síwájú.

Iṣẹ́ tó wá fa wàhálà ni ti Alhaja Sọ̀fíyàt. Ìyá àgbà tí ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Ọjà'ba ni, ilé alágbèékà rẹ̀ sì wà ní Ọ̀rányàn. Wọ́n fẹ́ fi àbúrò rẹ̀ jẹ mọ́gàjí, àlejò yóò sì wá láti ibi púpọ̀. Alhaja fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn ọlọ́dà, tí wọ́n po àwọ̀ tó wù ú fún un, àwọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó ní òun kò fẹ́ kí ilé ẹlòmíràn ní Ìbàdàn jọ tòun.

"Sàlá," ni Alhaja wí, "bíríkìlà kan já bọ́ láti orí àkàbà nílé yìí lọ́jọ́sí. Títí di òní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, àyà mi á já. Mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ nílé mi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fara pa níbí, ẹ kó ẹrù yín kí ẹ máa lọ. Bí iṣẹ́ yìí bá sì dára, ilé mi tó wà lẹ́bàá Mápó, ẹ̀yin náà lẹ ó kùn ún."

"Alhaja, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tí kò mọṣẹ́ ló ń fara pa."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni. Alhaja ti lọ sọ́jà. Akínwùmí wà ní fàràǹdà òkè, ó di ìbọn mú, ó ń fín ọ̀dà sí iwájú ilé. Sàlá wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń fi akunlé kan tí ń kọjá lọ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ìbọn ṣe dákẹ́ nìyẹn, tí nǹkan kan dí i lẹ́nu.

"Sàlá, ẹnu ìbọn ti dí. Pa ẹ̀rọ."

Sàlá pa á.

"Tú agbára inú rọ́bà sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án."

Nítorí pé bí èèyàn bá pa ẹ̀rọ náà, agbára kì í tíì kúrò nínú rọ́bà. Kọ́ọ̀kì kan wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n máa yí, tí ọ̀dà á fi padà sínú korobá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ ẹnu ìbọn sínú korobá, wọ́n á fà á kí èyí tó ṣẹ́kù lè tú jáde. Kì í ṣe iṣẹ́ líle. Ohun tí kò kàn tẹ́ Sàlá lọ́rùn ni pé, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, wọ́n á tún dúró kí ọ̀dà kún rọ́bà.

"Mo ti tú u, jàre. Nù ún, ká ríṣẹ́ ṣe."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kan kọ́ọ̀kì. Ojú ẹni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ṣì ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Akínwùmí gbà á gbọ́. Ó fi ọwọ́ òsì mú àkísà, ó kì í mọ́ ẹnu ìbọn, ó ń nù ún. Ohun tó dí ibẹ̀ ṣí, ìfà ìbọn sì yẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ariwo kékeré kan jáde, "ṣìì", bí ìgbà tí èèyàn ń lé adìẹ. Akínwùmí já ọwọ́ gbà.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jọ wo ọwọ́ náà. Ojú kan báyìí ni lórí ìka ìfábẹ̀lá, bí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde.

"Ṣé èyí lò ń pariwo sí?" ni Sàlá bi í. Bẹ́ẹ̀ Akínwùmí kò pariwo.

"Sàlá, o ní o ti tú u."

"Ó jọ pé ó ṣẹ́ kù díẹ̀ ni."

"Ìka náà ti ń kú tipiri. Ó dà bíi pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn ńlá."

Ibí yìí gan-an ni Sàlá ti ní àǹfààní láti di èèyàn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Ògùnpa yẹn sọ sí i lọ́kàn, gbogbo rẹ̀ pátá, tó fi dórí agolo ọ̀dà tó ní kí wọ́n gbé dání. Ó gbọ́ ọ ketekete bí ẹni pé ọkùnrin náà dúró tì í. Àmọ́ ó wòkè, ó rí iwájú ilé tó ku díẹ̀ kó parí, tó ń dán. Ó rántí ilé ẹ̀bá Mápó. Ó sì rántí pé gbogbo akunlé tó ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni yóò gbọ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe èèyàn léṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn ún jù.

Ó fa Akínwùmí lápá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn ńlá? Pé ọ̀dà ta ọ́ bí ẹ̀fọn? Akin, gbọ́ mi. Bí Alhaja bá gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní Bẹẹrẹ, á fún ẹ lábẹ́rẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n má sọ pé ọ̀dà ni. Oníbàárà Alhaja lobìnrin yẹn."

Akínwùmí wo ìka rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú pé kò léwu?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹ rí ẹnu tó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu yẹn kan náà ló fi ń kírun.

Nọ́ọ̀sì náà bi wọ́n léèrè ohun tó gún un. Kí Akínwùmí tó lanu, Sàlá ti fèsì. "Ìṣó ni. Ìṣó ara igi tí a fi ń gun òkè."

Nọ́ọ̀sì tẹ ìka náà. "Ó le díẹ̀ o."

"Ọwọ́ akunlé máa ń le."

Obìnrin náà gún un ní abẹ́rẹ́ ìpá, ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó máa lọ sílé. Mi ò dá a lẹ́bi. Ìṣó ni wọ́n ní kó tọ́jú, ó sì tọ́jú ìṣó.

Nígbà tí Sàlá délé, Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un. "Mo gbọ́ pé Bàbá Ọláolúwa fara pa." Akínwùmí ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Ìṣó kékeré kan ni."

"Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ, Bàbá Bushrah."

"Ta ló bi ọ́ ní nǹkan?" Ó jẹun, ó yó, ó sùn.

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló lọ síbi iṣẹ́. Ó ń súfèé. Alhaja jókòó sí abẹ́ ilé, ó ń wo bí ilé rẹ̀ ṣe ń lẹ́wà. Ibẹ̀ ni Morádéyọ̀, ìyàwó Akínwùmí, ti já sí wọn. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaja, ó sì dojú kọ Sàlá.

"Bàbá Bushrah, ọkọ mi kò fojú kan oorun. Ìka rẹ̀ ti wú, ó ti ń dúdú, wíwú náà ti dé àtẹ́lẹwọ́. Ara rẹ̀ gbóná bí iná. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Irú ìṣó wo ló ń rùn bíi tinà tí ẹ fi ń po ọ̀dà?"

"Akunlé ni. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń rùn bíi tinà."

Morádéyọ̀ sún mọ́ ọn. Ó kàn ń wò ó.

Alhaja ti dìde. "Ta ló fara pa?"

"Ìṣó ni, Alhaja. Ilé rẹ̀ ló ti gún un, kì í ṣe ibí."

Ohun tí Sàlá ń retí ni pé kí ìyá náà bínú. Alhaja kò bínú. Ó ní kí awakọ̀ òun gbé mọ́tò jáde, ó ní ìṣó ti pa èèyàn rí lójú òun, pé kí wọ́n lọ gbé Akínwùmí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kíá. Òun náà sì wọlé jókòó síwájú. Sàlá kò rọ́nà yẹ̀ ẹ́ sí, ó tẹ̀lé wọn.

Dókítà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ròkè ló gbà wọ́n. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé ọwọ́ náà. "Kí ló gún un?"

Ibà ti mú Akínwùmí débi pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yíjú sí Sàlá. Ó ń wò ó bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé, tó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

"Ìṣó," ni Sàlá wí.

Akínwùmí yíjú sí ògiri.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ ìṣó yìí kò yé òun, pé bó ti wù kó rí, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ di ṣíṣí. Wọ́n gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ. Ní ìta, Alhaja ń fa tẹ̀sùbáà, Morádéyọ̀ ń gbàdúrà sábẹ́ ahọ́n. Sàlá ń wo ilẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ọyún lásán ni wọ́n á bá níbẹ̀. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tó ń gbà.

Nígbà tí dókítà jáde, abọ́ kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló sọ pé ìṣó ni?"

Ó gbé abọ́ náà sórí tábìlì. Òwú tí wọ́n fi nu inú ọwọ́ ló wà nínú rẹ̀, ó rin gbindin. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Àwọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló gbà á kan.

Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí aṣọ rẹ̀ tí wọ́n jí lára ẹlòmíràn. "Ọ̀dà ilé mi nìyí."

"Ọ̀dà ni," ni dókítà wí. "Ọ̀dà àti tinà. Ó ti gba ojú iṣan lọ dé àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti ń jẹ ẹran níbẹ̀ láti àná. Ká ní ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, tí ẹ sì sọ òótọ́, à bá ti ṣí i, à bá ti fọ ọ̀dà jáde. Ó ṣeé ṣe kí ìka náà là nígbà yẹn. Ní báyìí ó ti kú. A ní láti gé e kí ọwọ́ tó kù má baà bá a lọ. Ìyàwó rẹ̀ dà? Ẹ wá fọwọ́ sí i."

Ká ní Sàlá dákẹ́ nígbà yẹn, ìtìjú ì bá mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò sinmi rí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. "Dókítà, mo kìlọ̀ fún un. Mo ní kó má fọwọ́ kan ẹnu ìbọn yẹn."

Morádéyọ̀ yípadà. "Ìbọn wo, Bàbá Bushrah? Ṣebí ìṣó ni."

Awakọ̀ Alhaja tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yíjú kúrò, ó ń tijú nítorí ẹlòmíràn.

Sàlá wá yíjú sí Alhaja. "Ẹ̀yin lẹ ní bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ká kó ẹrù wa."

"Kí ẹ lè ṣọ́ra ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀," ni Alhaja wí. "Ṣé mo ní kí o fi èèyàn pa mọ́ kó máa jẹrà?" Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí ẹrẹ̀ fẹ́ ta sí lára, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ jókòó ti Morádéyọ̀.

Wọ́n gé ìka náà. Àwọn ìka tó kù kò dé ara wọn mọ́ dáadáa, Akínwùmí kò sì lè fi ọwọ́ òsì di àkàbà mú. Akunlé tí kò lè gun àkàbà, kí ló kù tí yóò máa kùn?

Nígbà tí ibà lọ sílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì já gaara, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ àti Alhaja. Ó sọ ti kọ́ọ̀kì, ó sọ ti "mo ti tú u." Alhaja gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Sàlá, àwọn oníbúrọ́ọ̀ṣì ló parí ilé náà. Wọ́n parí rẹ̀ dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Bí ilé bá jó ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ẹni tó dáná sun ún kì í pẹ́ káàkiri. Láti Bẹyẹrunkà dé Ọjà'ba, wọn ò pe Sàlá ní akunlé mọ́. "Sàlá Ìṣó" ni. Wọn ò bá a jà. Ìjà tiẹ̀ ì bá sàn. Bí ó bá kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn láti imú, wọ́n á sì padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Bí ó bá bi àwọn akunlé léèrè iṣẹ́, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ tún ní ìṣó nílẹ̀ báyìí?"

Àtọ́kẹ́ ní tirẹ̀ kò pariwo. Ó ní, "Èmi náà dúró lójú ọjà, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìṣó ni. Ẹ fi irọ́ yín sí mi lẹ́nu, mo sì ń bá yín pín in." Láti ọjọ́ náà, bí Sàlá bá sọ pé òjò ń rọ̀, Àtọ́kẹ́ á kọ́kọ́ yọjú wo ìta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ fín ọ̀dà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ omi fọ mọ́tò, ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ń fín gírísì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ìbọ̀wọ́ kò lè dá agbára yẹn dúró, àkísà kò lè dá a dúró, ìgboyà kò sì lè dá a dúró. Ẹ fi ike ẹnu ìbọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí. Ẹ fi ojú ara yín rí i pé rọ́bà ti dẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì wọ ara, bó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ má fún un, ẹ má so ó, ẹ má dúró wò ó bóyá á wú. Ẹ gbé ọwọ́ náà sókè díẹ̀, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì pe ọ̀dà ní ọ̀dà.

Sàlá pẹ́ kó tó lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, Akínwùmí jókòó lórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Bẹẹrẹ, ó ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fún bọ́ọ̀lù rọ́bà kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwòsàn. Sàlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹnu tó ti bú gbogbo ìlú kò rí ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sọ.

"Akin, mo mọ̀ pé ó léwu. Wọ́n sọ fún mi ní Ògùnpa. Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́." Akínwùmí fún bọ́ọ̀lù náà, ó tú u sílẹ̀. "Ìwọ ni mo gbà gbọ́, mi ò gba ọkùnrin yẹn gbọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe ìka."

"Forí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́."

Sàlá gbójú sókè, omi ti dé ojú rẹ̀. "Ṣé tọkàntọkàn?"

"Ṣé o fẹ́ kí n búra fún ẹ ni? Mi ò ní agbára láti máa gbé ọ̀rọ̀ ẹ kiri. Dìde nílẹ̀, o ń dí ọ̀nà."

Òótọ́ ni. Morádéyọ̀ ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ru abọ́ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó ń dúró kí wọ́n fún un láyè kọjá. Sàlá sáré dìde, ó na ọwọ́ láti bá a sọ̀ ọ́. Morádéyọ̀ kò gbé e fún un. Sàlá fara mọ́ ògiri. Obìnrin náà kọjá, omi aṣọ kán sí Sàlá ní fìlà, ó ṣàn wá sí ojú rẹ̀.

Bí omi bá ta sí àjèjì lára ní Bẹẹrẹ, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Sàlá dúró, ó ń retí rẹ̀. Morádéyọ̀ ti ń sá aṣọ.